Abèèrè Kì Í Ṣìnà: Yíyẹ Iyè Àwọn Àgbà Wò ní Ṣàngó, Ìbàdàn

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni yóò máa mu. Oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá àwọn ọmọ sọ. A kì í sábà fi sọ̀rọ̀ nípa iyè. Òwe náà kò sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe ní ọjọ́ tí ìyá tí ó kọ́ ọ ní owó kíkà kò bá lè ka owó mọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó dé bá obìnrin olùkọ́ kan ní Ṣàngó, nílùú Ìbàdàn. Ohun tí ojú òun àti ìyá rẹ̀ rí ni àròkọ yìí dá lé, nítorí pé ó kan gbogbo ẹni tí ó ní òbí àgbà nílé, ó sì kan àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èdè Yorùbá ní ọ̀nà tí wọn kò lè rò tẹ́lẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́

Ẹni tí ó bá ti Mọ́kọ́lá bọ̀, tí ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà Pólì Ìbàdàn, kò ní ṣàìgba Ṣàngó kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Eléyẹlé ti yà, ibẹ̀ ni ọjà wà, ibẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti awakọ̀ ti ń fara gbún ara láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nínú ọjà yìí ni ìyá náà ti ta èlùbọ́ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n sí Ìyá Elélùbọ́. Ọdún tí ogun Hitler parí ni wọ́n sọ pé wọ́n bí i, èyí ni 1945. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn àbúrò rẹ̀ ni bàbá wọn mú lọ sí ilé ìwé. Òun ni ó dúró sílé pọn àbíkẹ́yìn. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ìwé gbèsè tí ó péye tó orí rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní kóńgò méjì láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó mọ ẹni tí ó san ìdajì, ó sì mọ ẹni tí ó ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá kí ojú má baà ṣe mẹ́rin.

Ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí kò tó nǹkan. Ó fún oníbàárà kan ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí omi ọkà tó hó. Lẹ́yìn èyí, ó wọ ọkọ̀ ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kan láti padà sílé, ó sì bá ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe gba Ṣàngó kọjá láìsọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó pe ọmọ ọ̀dọ̀ ní olè nítorí owó tí òun fúnra rẹ̀ dì sínú àpò èlùbọ́. Ọmọ náà sunkún títí ó fi padà sí abúlé wọn. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí owó.

Àwọn ọmọ pe ìpàdé. Àkọ́bí, tí ó ń gbé ní Èkó, sọ pé, “Ogbó ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí Màmá máa rántí nǹkan bí ọmọ ogún ọdún ni?” Àbúrò rẹ̀ kan ní àdúrà ni ó kù. Nínú ọjà, àwọn kan ti ń sọ ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ìyá tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru kò mọ́wọ́. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí fún obìnrin arúgbó. Olùkọ́ yìí, tí ó jẹ́ ọmọ ààrin, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá, kò gba ti àjẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n òun náà sọ pé, “Wọ́n ń ṣarán ni,” ó sì jẹ́ kí ọdún méjì kọjá.

Ìyẹ̀wò àkọ́kọ́

Ilé ìwòsàn kan ní ìgboro ni ó kọ́kọ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú bébà kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè ọ̀rọ̀, olùkọ́ sì ń túmọ̀. Ó ní kí ìyá yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó tún yọ méje kúrò nínú ohun tí ó kù, kí ó máa yọ ọ́ lọ. Ó ní bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ó pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó ní kí ó ka ohun tí a kọ sí bébà, kí ó sì ṣe é. Ó ní kí ó kọ gbólóhùn kan. Ó ní kí ó ya àwòrán igun márùn-ún méjì tí ó wọnú ara wọn. Ìyá ní, “Ọmọ mi, n kò lọ sí ilé ìwé.” Nígbà tí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú gèlè rẹ̀ tún un dì, ó ní, “Kí ló dé tí ẹ fi ń bi mí ní ohun tí ẹ mọ̀ pé n kò kọ́?” Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sọ fún olùkọ́ ní ojú ìyá rẹ̀ pé iyè ti lọ tán.

Bébà náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú. Ọdún 1975 ni Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ dókítà lọ́wọ́ káàkiri ayé. Ọgbọ̀n máàkì ni ó ní. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, yíyọ méje-méje tàbí pípe lẹ́tà sẹ́yìn ni ó gba máàkì márùn-ún. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti àwòrán yíyà gba mẹ́ta. Máàkì mẹ́jọ nínú ọgbọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ilé ìwé rí, kí a tó mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ dá ṣáká tàbí kò dá. Tíṣà kankan kò ní fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò lórí iṣẹ́ tí wọn kò kọ́ ọ, kí ó wá pè é ní olódo.

Ìbínú ni olùkọ́ bá délé. Ó sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bébà òyìnbó ni ó ń ṣàìsàn, pé kò sí ohun tí ó ṣe ìyá àwọn. Ìdajì ìbínú yìí tọ́. Ìdajì kejì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ìyá náà.

Ohun tí wọ́n ti ṣe ní Ìdíkàn

Ìṣòro tí olùkọ́ kò lójú ní ilé ìwòsàn yẹn kì í ṣe tuntun, Ìbàdàn gan-an sì ni a ti wá ọ̀nà láti yanjú rẹ̀. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà da ọwọ́ pọ̀ láti mọ bí àrùn iyè-rírà ṣe wọ́pọ̀ tó láàrin àwọn àgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun, tí ó papò dà ní ọdún 1995, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ni ó ṣáájú àwọn ti òkè òkun, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. Ògúnníyì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n O. Baiyewu sì wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n wọ agbo ilé kiri ní Ìdíkàn, ní àárín ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì bá 2,494 àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Ní Indianapolis, wọ́n bá 2,212 àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí wọn bá ti àwọn wọ̀nyí dọ́gba sọ̀rọ̀.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní ìwé ìbí. Irú ọ̀rọ̀ tí Ìyá Elélùbọ́ sọ nípa ogun Hitler ni ó gbà wọ́n: wọ́n lo àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Ajayi àti Igun ṣe ní ọdún 1963 láti fi mọ ọdún tí a bí àgbà. Wàhálà kejì ni ìbéèrè. Wọn kò mú bébà òyìnbó lọ ní gbígbà. Ìbéèrè tí wọ́n lò jẹ́ èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán wò láàrin àwọn Cree, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní Kánádà. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá, wọ́n sì tún fún àwọn mìíràn láti dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ ti yẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Wọ́n ń bi àgbà fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bi ẹni tí ó ń bá a gbé, nítorí pé ojú ará ilé ni ó mọ ohun tí àgbà ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Nígbà tí ó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 2005, nínú èyí tí àgbà kò ní mú kálàmù rárá. Igi ìṣáná ni wọ́n ń tò fún un kí òun náà tò ó bẹ́ẹ̀.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 ya ayé lẹ́nu. Nínú àwọn àgbà Ìdíkàn, àwọn tí ó ní àrùn iyè-rírà jẹ́ 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàrin àwọn tí ó ń gbé ilé ara wọn ní Indianapolis, 4.82 ni. Ní ọdún 2001, wọ́n tún fi hàn pé àwọn tí àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, tí ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí fún ìdílé tí ó wà ní Ṣàngó. Èkínní ni pé àrùn náà wà nílẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe àrùn àwọn òyìnbó nìkan. Èkejì ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá jẹ́ ogbó lásán ni, kí ló dé tí ó lé ní àgbà 97 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìdíkàn tí kò ní i? Ewú ni ogbó ń mú wá, ìgbàgbé díẹ̀díẹ̀ sì lè bá a rìn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn má mọ ọ̀nà ilé tí ó ti gbé fún ogójì ọdún, àìsàn ni. Ẹni tí ó bá ń pè é ní ogbó ń fi ète sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìyẹ̀wò kejì

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gbé ìyá àti ọmọ dé ilé ìlera alábọ́dé kan tí kò jìnnà sí ọjà ní Ṣàngó. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó jókòó síbẹ̀. Kò mú bébà kankan jáde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Ìyá Elélùbọ́, ó béèrè ọjà, ó béèrè bí iṣu ṣe wọ́n tó. Ó rí i pé ìyá ń yí orí síbìkan láti gbọ́ràn, ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí tí ó dára jù, ó sì ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ga. Ó wá sọ pé, “Màmá, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru báyìí, ó máa ń dààmú iyè nígbà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní àwọn ọ̀rọ̀ kan. Àwọn kan á rọrùn, àwọn kan á le díẹ̀. Ẹ má bínú sí mi.”

Ó ní, “Kí ni à ń pè ní afárá?” Ojú ìyá tàn. “Ohun tí a fi ń kọjá odò ni. Ọdún tí Ògùnpa ṣe omíyalé, ìwọ kò tíì dé ayé bóyá, omi gbé ènìyàn, ó gbé ọkọ̀.” Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ọdún 1980 ni omíyalé yẹn, ìyá sì rántí rẹ̀ bí àná. Bébà òyìnbó ni ó purọ́, gẹ́gẹ́ bí òun ti sọ.

Nọ́ọ̀sì ní kí ó dárúkọ gbogbo ẹranko tí ó bá mọ̀, ó sì ń wo aago rẹ̀. Ìyá ní ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, ajá, màlúù. Ó dúró. Ó ní ewúrẹ́. Ó ní àgùntàn. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, ó ti pe ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tí ó jẹ́ Olúbàdàn. Ìbéèrè yìí gba ọgbọ́n. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 sí oṣù keje ọdún 2025, Olúbàdàn mẹ́ta ni ó wàjà, kí Ọba Rashidi Ládọjà tó gorí àpèrè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi ọ̀kan pè nínú wọn, kì í ṣe ẹ̀rí àìsàn. Ṣùgbọ́n Ọba Aṣánikẹ́ ni ìyá dárúkọ, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọba náà ti wàjà. Nọ́ọ̀sì kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ọba ńlá ni, Màmá.”

Ó béèrè ọjọ́ tí a wà. Ìyá ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni kì í ṣe ti Ọlọ́run?” Ó béèrè iye ọmọ tí ó bí. Ìyá jókòó gbára dì, ó fi ìgbéraga sọ pé, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.” Olùkọ́ tún rẹ́rìn-ín. Nínú kíláàsì rẹ̀, èsì bẹ́ẹ̀ ìbá gba máàkì tí ó pé. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òótọ́ ni ẹ sọ, Màmá, n kò ní kà wọ́n. Kí ni orúkọ àbíkẹ́yìn yín?”

Ìyá dákẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó wá wo olùkọ́ bí ìgbà tí ọmọ ilé ìwé bá ń wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Kò rí orúkọ náà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu olùkọ́.

Àwọn tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá a máa sọ pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Ní yàrá kékeré yẹn, olùkọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ti sọnù lóòótọ́, pé kì í ṣe wíwá ni ìyá òun ń fi òwe wá a. Ó ń fi òwe bo ojú ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù. Fún ọdún méjì ni ó ti ń ṣe é. Ìkíni rẹ̀ ṣì dán, àpárá rẹ̀ ṣì já geere, èèwọ̀ àti òwe wà ní àtètéẹnu rẹ̀, nítorí pé àwọn ohun tí a ti fi gbogbo ayé wa sọ ni ó máa ń pẹ́ kí ó tó lọ. Àwọn tí ó fẹ́ràn èdè ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń tètè tàn jẹ. Ìyẹ̀wò ti Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀sùn ohun tí ìyá kò kọ́ rí kàn án. Ti Yorùbá kò fi ẹ̀sùn kan án, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí ó ti mọ̀ rí tí kò mọ̀ mọ́ hàn. Olùkọ́ ti rò pé èdè abínibí yóò dá ìyá òun láre. Òótọ́ ni ó sọ fún un.

Nọ́ọ̀sì tò igi ìṣáná mẹ́rin sórí tábìlì. Ìyá tò méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ bí ẹni ń kó ìdáná. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì bá olùkọ́ nìkan sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé lójijì ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Ṣé wọ́n ṣì lè wọ aṣọ fúnra wọn? Ṣé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú wọn? Oògùn wo ni wọ́n ń lò? Olùkọ́ tú àpò ìyá rẹ̀ sórí tábìlì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, èyí tí wọn kò lò tán láti oṣù mẹ́ta. Oògùn oorun wà níbẹ̀, tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Oògùn òtútù tí ó ń kunni lóorun náà wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ya méjì ìkẹyìn sọ́tọ̀, ó ṣàlàyé pé àwọn méjèèjì máa ń da iyè àgbà rú. Ó kọ ìwé sí Ilé Ìwòsàn UCH, níbi tí ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè wà láti ọdún 2012. Ó ní, “Tíṣà, èyí kì í ṣe ìdájọ́ o. Ilẹ̀kùn ni a kàn. A kò tíì wọlé.”

Ṣé gbogbo àgbà ni kí a yẹ̀ wò?

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ìyẹ̀wò yàtọ̀ sí mímọ àrùn. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí ó ń gba àwọn dókítà nímọ̀ràn nípa ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé kí a máa yẹ iyè gbogbo àgbà tí kò ní àmì kankan wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìdí rẹ̀ yé ni. Kò tíì sí oògùn tí ó ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú àrùn yìí sàn, ìyẹ̀wò tí a kò fara balẹ̀ ṣe sì lè fi orúkọ burúkú sọ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí fún Ìyá Elélùbọ́ ní ìyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àmì ti hàn lára rẹ̀, tàbí tí ará ilé rẹ̀ ti kígbe, yàtọ̀. Ó yẹ kí a bi í ní ọ̀rọ̀, kí a sì tètè bi í. Àwọn ohun kan wà tí ó ń jọ iyè-rírà tí ó ṣeé wò: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó fítámì B12, àìsàn tàíróọ̀dù, oògùn tí kò bá ara mu, etí tí kò gbọ́ràn. Bí àrùn náà bá sì jẹ́ òtítọ́, ìdílé yóò lè ṣètò owó, ilé àti ìtọ́jú nígbà tí àgbà ṣì lè sọ ohun tí ó fẹ́. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pè jọ sọ ní ọdún 2024 pé ohun mẹ́rìnlá wà tí ó jẹ́ pé bí a bá mójú tó wọn láti kékeré títí di ọjọ́ ogbó, nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn yìí káàkiri ayé lè má wáyé tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, etí dídi, àìrí ẹni bá kẹ́gbẹ́ àti àìlọ sí ilé ìwé wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn fúnra wọn ti fi hàn ní ọdún 2011 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣí ọ̀nà fún àrùn náà láàrin àwọn àgbà Yorùbá. Ilé ìlera alábọ́dé ni ó súnmọ́ ènìyàn jù fún irú ìtọ́jú yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ṣàngó ń ṣọ́ iyè pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́ èdè

Kí ni à ń pe àrùn yìí? Àwọn kan a máa sọ pé àgbà ń ṣarán, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń pa ìbéèrè lẹ́nu mọ́. Àwọn kan a ní àgbà ti di ọmọdé, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí ọmọdé. “Wèrè” kò tọ́, “àjẹ́” sì lè pa ènìyàn. “Iyè rẹ̀ ń rà” ṣe déédé jù, nítorí pé ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Nígbà tí olùkọ́ sọ fún àwọn ará ọjà pé, “Iyè Màmá ń rà, àìsàn ni,” ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dínkù. Ìyá tí ó ń ta ata níwájú wọn ní irú rẹ̀ ni ó ṣe ẹ̀gbọ́n òun, àwọn kò kàn mọ ohun tí àwọn ìbá pè é.

Ìbéèrè ìyẹ̀wò náà nílò onímọ̀ èdè. Ẹni tí ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni kíka ọmọ ni yóò mọ ìbéèrè tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹ̀ka èdè Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti Èkìtì ni yóò mọ ọ̀rọ̀ tí àgbà yóò gbọ́ láìtún un sọ. Ẹni tí ó mọ bí àwọn Yorùbá ṣe ń fi ìkíni àti òwe yẹra fún ìbéèrè ni yóò mọ ìgbà tí èsì dídùn kò dáhùn ohunkóhun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ àyálò àti ìtumọ̀ lónìí lè jókòó pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà lọ́la láti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ Ìdíkàn fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Ní UCH, àyẹ̀wò fi hàn pé iyè ìyá ń rà lóòótọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú fún ìgbà pípẹ́ sì ti ba àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kan jẹ́ nínú ọpọlọ. Wọ́n fọ etí rẹ̀. Wọ́n dá oògùn oorun dúró, ìdàrúdàpọ̀ òru sì dínkù. Àrùn náà kò lọ. Àkọ́bí ti Èkó dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sunkún. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n pè lólè, olùkọ́ sì lọ sí abúlé fúnra rẹ̀ láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́ ṣì ń lọ sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ni ó ń gba owó. Nọ́ńbà fóònù olùkọ́ wà nínú bébà tí wọ́n rán mọ́ inú àpò ìlábùrù rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, tí ó wà ní òkè òkun, ń pè lórí fóònù ní alaalẹ́. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, “Màmá, ṣé ẹ mọ̀ mí?” Wọ́n ti kọ́ ọ láti má ṣe béèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ dá, a sì tẹ̀ ẹ́ pé, “Èmi àbíkẹ́yìn yín ni,” ìyá a sì ní, “Ṣé n kò mọ̀ ọ́ ni?” Àwọn méjèèjì a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí abèèrè mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè, èdè tí yóò fi béèrè, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Láìpẹ́ yìí, aláròóbọ̀ kan gbé àpò èlùbọ́ tuntun wá sí ìsọ̀, ọmọ-ọmọ sì ti fẹ́ san owó. Ìyá na ọwọ́ sínú àpò náà, ó fi ìka méjì ra èlùbọ́ náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ gbé e padà. Kò gbẹ.” Wọ́n wò ó. Kò gbẹ lóòótọ́.